Fìlà Orí Táǹkì

Bí ẹ bá rí mi níwájú ilé mi ní Mowe lónìí, tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí mo ń dín ojú kí n tó lè mọ ẹni tó ń kí mi, ẹ lè rò pé gbogbo ayé mi ni mo fi jókòó. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní táǹkì epo ni mo ń jó, wọn á ní, "Ẹ̀hẹn, wẹ́dà." Bẹ́ẹ̀ ni, jórinjórin ni mí. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni jórinjórin. Ẹni tó ń jó géètì, bí géètì rẹ̀ bá wọ́, onílé á bú u, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹni tó ń jó táǹkì epo, bí tirẹ̀ bá bàjẹ́, ẹni tó yẹ kó bú u lè má sí láyé mọ́. Mi ò sọ ìyẹn láti dẹ́rù ba ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Títí dòní, bí mo bá kọjá lára táǹkì lẹ́bàá títì, mo gbọ́dọ̀ fi ìka gbá a kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, ìyàwó mi á sì máa fà mí láṣọ pé kí n má jẹ́ kí wọ́n mú wa lólè.

Ọmọ Ìkirun ni mí. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ifọ̀ ló ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sóun, òun náà ló sì fà mí lé Ọ̀gá Sùnmọ́nù lọ́wọ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú irin réluwéè. Ti owó tí wọ́n san àti ọdún tí mo lò, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ọdún rẹ̀ kò gùn lójú ara rẹ̀.

Ọmọ bíbí Ifọ̀ ni Ọ̀gá, ènìyàn kúkúrú tí apá rẹ̀ nípọn bí itan ẹlòmíì. Níbi tí àwa ti ń sọ pé "wọ́n", "án" ni tirẹ̀: án ti dé, án ti lọ. Àwa ọmọ ìlú òkè a máa sín in jẹ lẹ́yìn. Bó bá gbọ́, kò ní bínú o, á kàn nawọ́ búrọ́ọ̀ṣì onírin sí wa, á ní ká lọ ha irin tó dípẹtà. A ó máa ha á títí apá á fi kú, òun á wá bi wá pé, "Án ti parí àbí án ò tíì parí?"

Ibi tí ó ti le jù ni ọ̀rọ̀ jíjò. Bí a bá jó táǹkì tán, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, á ro ọṣẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ojú ibi tí a ti jó, á sì lọ jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Bí ìfófó kan ṣoṣo bá wú, á ní, "Táǹkì yìí ń sunkún. Ta ló nà án?" Ẹni tó jó ibẹ̀ á dìde, á gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, á tún un jó. Mo ti sunkún ju táǹkì lọ nígbà náà. Mo rò pé ọkùnrin náà kórìíra mi ni. Ó di ìgbà tí ibà mú mi, tó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ lọ sí ọsibítù, tó ń fi gbogbo ọ̀nà sọ fún mi pé kí n má sùn, kí n tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn tó ti fi ọdún gbáko kọ́ wa pé táǹkì kò gbọ́dọ̀ ní àlàfo bó ti wù kó kéré, ó wá yí padà, ó ní ibì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dè pa. Orí táǹkì ni. Páìpù tóóró kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní imú. Ibẹ̀ ni táǹkì ń gbà mí èémí lójoojúmọ́, bí wọ́n ti ń rọ epo sí i tí wọ́n sì ń fà á jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú náà, Ọ̀gá a máa gé ojú ihò ńlá kan, tí ènìyàn lè ki orí bọ̀, á wá gbé irin pẹrẹsẹ kan dé e. Irin náà kò ní ìdè. Ọ̀pá mẹ́ta tó gùn ló yí i ká kó má baà fò lọ, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá tì í láti inú, ó lè dìde. Fìlà la máa ń pè é.

Làmídì tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa níbi iṣẹ́ fẹ́ fi han Ọ̀gá pé ọwọ́ òun mọ́. Ó mú sípánà, ó de nọ́ọ̀tì orí àwọn ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ṣinṣin títí fìlà fi lẹ̀ mọ́ táǹkì. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀gá wò ó. Ó ní kí Làmídì pa ẹnu dé, kó máa sáré yí ṣọ́ọ̀bù ká, kó má sì la ẹnu o. Làmídì sáré. Kò pẹ́ tí imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, àfi wàù, ó la ẹnu.

Ọ̀gá ní, "Ta ló ní kó o lanu?"

"Ọ̀gá, imú nìkan ò gbé e mọ́!"

"Ó dáa. Táǹkì tí iná ká mọ́, eré ló ń sá yẹn. Epo inú rẹ̀ á máa hó, oru á pọ̀ ju ohun tí imú lè gbé. Bí ò bá rẹ́nu là, ikùn ló máa bẹ́. Ọ̀nà kan ò wọjà. Lọ tú nọ́ọ̀tì mi."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti di àṣà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Táǹkì kì í kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gun orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà sókè lójú ẹni tó ni ín, kó sì jù ú sílẹ̀. Gbàù! Ọ̀gá á bèèrè pé, "Ó kí wa?" Gbogbo wa á dáhùn pé, "Ó ṣífìlà, Ọ̀gá!" Ìgbà náà ni awakọ̀ tó lè ṣáná sí mọ́tò.

Fìlà yìí ló fún mi ní ìyàwó. Mo ti gba òmìnira nígbà náà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ibafo. Àlàájà Rábì, oníṣòwò ará Ìjẹ̀bú kan tó ń po ọ̀dà tà, ní kí n jó táǹkì tí òun ó máa rọ tínà sí, epo tí wọ́n fi ń la ọ̀dà. Nígbà tí mo gbé e dé ọgbà rẹ̀, mo gun orí rẹ̀, mo gbé fìlà, mo jù ú sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan yọ jáde láti inú yàrá tí wọ́n ti ń rọ ọ̀dà sínú agolo, ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà létí imú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fẹ́ kí oyún bọ́ lára àwọn aláboyún ni?" Mo ní, "Ṣé ìwọ ni aláboyún?" Ó pòṣé, ó wọlé padà. Mo tún gbé fìlà náà, mo tún jù ú sílẹ̀, kó lè tún jáde wá. Mọ́ríámọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde wá lóòótọ́, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ yípadà púpọ̀ lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kábáàdì la fi ń pèsè gáàsì tí a fi ń gé irin. Òórùn rẹ̀ a máa tẹ̀ lé ènìyàn délé, á bá a wọ orí ẹní. Ẹ̀rọ ìjórin ìgbà náà, àwa bíi mélòó kan la máa ń tì í, á sì máa pariwo bíi pé a ń fìyà jẹ ẹ́. Lónìí, èyí tí àwọn ọmọ ń lò kò ju báàgì obìnrin lọ, wọ́n á gbé e kọ́ èjìká gun ọ̀kadà. Fìlà pàápàá, wọ́n ti ń tà á ní Èkó ní ṣíṣe tán, pẹ̀lú sípíríìnì nínú. Mi ò bú u o. Mo ra ọ̀kan rí, mo tú u, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ènìyàn rà á kó má mọ ohun tó wà fún.

Nítorí pé àwọn tó ń lo táǹkì kì í jẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi. Nígbà òjò, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù di imú rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Mo bá òkúta ńlá lórí fìlà rí. Onítọ̀hún ní afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó ń dí òun lọ́wọ́ oorun. Ní ti Àlàájà Rábì, olè ló kó o sí wàhálà. Àwọn kan ń fo ọgbà wọlé, wọ́n á gbé fìlà sápá kan, wọ́n á ki rọ́bà bọ inú táǹkì, wọ́n á fa tínà lọ. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fi ṣéènì àti àgádágodo ti fìlà náà pa. Mo kọ̀.

Ó ní, "Gàníyù, táǹkì tí ò ní títì, ilé tí ò nílẹ̀kùn ni."

Mo ní, "Àlàájà, iyàrá tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn táǹkì yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin dáadáa ni, kò gbà pé iná lè wá síbi tóun ti ń gbàdúrà lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, Mọ́ríámọ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó ní ṣéènì ti wà lórí fìlà, àgádágodo tó tó orí ọmọ ọwọ́. Mo bi í pé wẹ́dà wo ló ṣe é. Ó ní, "Bàbá Sèmíù, ẹ má bínú. Ọ̀gá yín ni."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ifọ̀. Etí Ọ̀gá ti di nígbà náà. Òòlù àti irin ti jẹ ẹ́ láti ìgbà èwe. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ ti fìlà pa?"

"Ẹ̀n?"

"MO NÍ ṢÉ Ẹ̀YIN LẸ TI FÌLÀ PA!"

Àwọn obìnrin òdìkejì títì jáde síta. Ọ̀gá wò mí tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ebi ń pa. Ó ní, "Mo gbọ́. Jókòó, jẹun." Mi ò jẹun. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni. Mo rò ó pé ọjọ́ ogbó ti sọ ọkùnrin náà di ẹni tó ń ṣe ohun tí oníbàárà bá fẹ́. Mo ní kí Mọ́ríámọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní òun kò ní fi iṣẹ́ tó ń rán ọmọ òun nílé ìwé sílẹ̀ nítorí ṣéènì. A ṣe bẹ́ẹ̀ ń gbé e lọ. Ọ̀gá ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ibafo bó ti máa ń ṣe, torí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè jókòó síbi tí òórùn irin jíjó kò sí. Mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ń gbé àga fún un, ṣùgbọ́n n kò bá a ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, lásìkò ọyẹ́. Ọ̀gá wà lórí àga tó máa ń jókòó sí. Èéfín dúdú gbé sókè lọ́nà ibi ilé iṣẹ́ ọ̀dà, ọlọ́kadà kan sì ń ké bọ̀ pé, "Sítọ́ọ̀ fóòmù ń jó o! Ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpìnnì Àlàájà!" Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Iná sítọ́ọ̀ náà ti fo ògiri, ó ti ká táǹkì mọ́, ó sì ti gba gbogbo ẹnu géètì. Àwọn tó wà nínú ọgbà kò rí ọ̀nà jáde. Wọ́n ti sá wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń kó òfìfo agolo sí, ògiri ẹ̀yìn yàrá náà sì ga, ó nípọn, fèrèsé rẹ̀ ní irin. Mo gbọ́ ohùn Mọ́ríámọ̀ nínú rẹ̀. "Bàbá Sèmíù! A pọ̀ níbí o!"

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi kó òòlù ńlá dé, àwọn ará àdúgbò náà gba tiwọn, a dojú kọ ògiri. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí orí táǹkì. Ṣéènì wà níbẹ̀. Imú rẹ̀ ń fọn fèrè bíi kẹ́tùlù omi tó ń hó, fèrè náà ń tóóró sí i, ó ń le sí i. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Oru ti pọ̀ jù fún imú, ẹnu sì wà ní títì. Bó bá bẹ́, àwọn tó wà nínú yàrá á lọ, àwa tí à ń fọ́ ògiri á bá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi pé, "Ó máa bẹ́ o." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́, ó ju òòlù sílẹ̀. Òmíràn ń fi ẹ̀yìn rìn. Lójú títì, Àlàájà ti ṣí gèlè, ó na kọ́kọ́rọ́ sókè, ó ń ké pé, "Kọ́kọ́rọ́ rè é! Ẹ jẹ́ n lọ ṣí i!" Àwọn ènìyàn dì í mú. Kò sí ẹni tó lè dé orí táǹkì yẹn mọ́.

Ẹnì kan gbá mi lápá mú. Ọ̀gá ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, "Yé wo ṣéènì yẹn. Òjé ni."

Mo na ọwọ́ sí etí mi pé kí ló wí.

"Mo gé ojú kan níbẹ̀, mo fi òjé àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe so ó, mo kùn ún. Iná ò ní jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

Mo fi ẹnu ko etí rẹ̀, mo pariwo pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ẹ, wàá sọ fún ìyàwó ẹ kó lè fọkàn balẹ̀. Ìyàwó ẹ á sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kí án tó kírun Jímọ̀, olè ti gbọ́."

"Ṣé ó máa yọ́ kó tó bẹ́?"

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ kún fún omi, bóyá èéfín ni, bóyá èéfín kọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé òòlù tí ọkùnrin yẹn jù sílẹ̀, bàbá arúgbó, ó sì gbá ògiri. Ó tún gbá a. Ojú ti àwọn tó ń fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n padà. Gbogbo wa ń gbá a, n kò wo òkè mọ́, ohùn Mọ́ríámọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́, ó ń sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n sún kúrò lẹ́bàá ògiri.

Ẹnì kan kígbe, mo wòkè. Ṣéènì ti dẹ̀. Àgádágodo yọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Fìlà gbọ̀n, ó tún gbọ̀n, ó sì dìde lórí ọ̀pá rẹ̀. Ariwo tó tẹ̀ lé e, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Oru epo náà tú jáde, ó gbiná, ó gòkè tààrà ju òpó iná lọ. Ó bani lẹ́rù gidi, àwọn kan dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ló lọ. Fèrè imú dákẹ́, táǹkì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, iná ń jó lẹ́nu rẹ̀ bí àtùpà, a sì padà sídìí ògiri wa. Nígbà tí ògiri lu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́ríámọ̀ ló kẹ́yìn. Ó ń ti Màmá Kúdírá, obìnrin sísanra kan, gba ojú ihò náà, ó ń bá a wí pé, "Màmá Kúdírá, ẹ fa ikùn mọ́nú!" Ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín. Ó wò mí, ó wo ọ̀gá mi, ó ní, "Bàbá Sèmíù, ọwọ́ Bàbá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ ò sì wò ó." Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Àwọn panápaná dé, wọ́n fi omi rọ táǹkì títí ó fi tutù. Kò sẹ́ni tó kú. Iwájú ilé iṣẹ́ náà jóná, ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àlàájà gbé àwọn táǹkì jìnnà sí yàrá, ó kọ́ ilẹ̀kùn sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan orí táǹkì láìpe èmi tàbí Ọ̀gá. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá náà lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ tàn mí jẹ! Kí Ọlọ́hun jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ láyé, kẹ́ ẹ tún tàn mí jẹ."

Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, títí ojú mi fi kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ ra góógù tó dára tí ẹ ó fi bo ojú, ẹ má dúró de ìgbà tí owó bá pọ̀. Ẹ wá ọ̀gá tó le, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá ó lè gbé yín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin náà á bá iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe pàdé lójú títì ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣì dúró, kò jò, inú yín á sì dùn tí ẹ ò ní lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Sùnmọ́nù ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí Àlùjáńnà.

Alẹ́ ọjọ́ iná náà, ilé mi ní Mowe ni Ọ̀gá sùn mọ́jú, torí a kò jẹ́ kó padà sí Ifọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Lówùúrọ̀, Mọ́ríámọ̀ gbé ẹ̀kọ fún un, ó kúnlẹ̀ tì í. Kò mu ún. Ó ń wo ìyàwó mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ayé mi ni mo fi ń ṣe fìlà. Kò sí ọ̀kan tí iná kàn rí, mo sì ń dúpẹ́. Àná, mo rí i tó dìde. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Báwo ló ṣe dún?"

Mo la ẹnu kí n pariwo rẹ̀ sí i létí, ìyàwó mi fi ọwọ́ dá mi dúró. Mọ́ríámọ̀ gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ Ọ̀gá tí kò ní báńdéèjì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ẹnu ara rẹ̀, ó fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ fi kún, ó sì mí sí i, mímí gígùn, títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bàbá náà di ojú. Ó ní, "Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Mọ́ríámọ̀ mi orí pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún fa èémí sínú, ó sì tún mí sí i lọ́wọ́.